Láti MATIC sí POL: ta ló ń san owó ìyípadà orúkọ tókìn?

Akọ̀wé Òkè-Ìlewó:

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìparí ọdún 2025, nígbà tí Sandeep Nailwal, ọ̀kan lára àwọn tó dá ètò kírípítò tó ń jẹ́ Polygon sílẹ̀, béèrè ní gbangba lórí X bóyá kí àwọn dá orúkọ MATIC padà fún tókìn wọn, ìyẹn owó orí kọ̀ǹpútà wọn, tí wọ́n ti sọ di POL. Àwọn èèyàn kò yéé bá a sọ ọ́, nítorí pé MATIC ni ọ̀pọ̀ mọ̀, wọn kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ POL.

Fún ẹni tí ìtàn náà kò bá yé: ọdún 2017 ni wọ́n dá Matic Network sílẹ̀ ní Íńdíà, kí ó lè bá Ethereum, blockchain ńlá kan (ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ owó tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú), gbé díẹ̀ nínú ẹrù tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ ta MATIC fún gbogbo èèyàn lórí Binance, ilé pàṣípààrọ̀ tí a ti ń ra kírípítò tí a sì ń tà á, bílíọ̀nù 10 sì ni gbogbo MATIC tí yóò wà. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 wọ́n sọ ètò náà di Polygon, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan orúkọ tókìn. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ilé fi ń jẹ́ orúkọ kan, tí owó inú ilé ń jẹ́ òmíràn, n kò sì rí ẹni tí ìyẹn dí lọ́wọ́. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni POL wá gba ipò MATIC, ẹyọ kan fún ẹyọ kan.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ra MATIC ní ọdún 2021 nítorí pé èmi ni mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Kò sí nínú ẹgbẹ́ Telegram kankan, kì í ka X, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa ń yẹ fóònù rẹ̀ wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní àwọn kan ti kó MATIC òun lọ, wọ́n sì fi ohun tí òun kò rà sí ipò rẹ̀. Ilé pàṣípààrọ̀ tó ń lò ló ti bá a yí i padà, kọ́bọ̀ kan kò sì sọnù, síbẹ̀ ó tó wákàtí kan kí ó tó gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ náà kò fi náírà kan kún un mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé àwọn tó ń yí orúkọ tókìn padà kọ́ ló ń san owó ìyípadà náà. Àwa la ń san án, nínú àkókò wa, nínú owó gáàsì (owó tí a ń san kí iṣẹ́ tó lè lọ lórí blockchain), àti nínú ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn tí a fà wọ inú rẹ̀. Ṣé mo ṣì í ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:

Akọ̀wé, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ ti so ohun méjì pọ̀ tí kò yẹ kí a so pọ̀. Ìyípadà orúkọ ọ̀tọ̀, pípààrọ̀ tókìn ọ̀tọ̀.

XCoin ni Dash, kírípítò mìíràn, ń jẹ́ nígbà tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2014. Kò pẹ́ tó fi di Darkcoin, ó sì di Dash ní oṣù Kẹta ọdún 2015, nítorí pé orúkọ Darkcoin ń mú kí ojú máa ti èèyàn láti sọ ọ́ láwùjọ, bí ẹni pé owó àwọn tó ń ta ọjà òkùnkùn ni. Ẹni tó ní ẹyọ 50 kí ó tó sùn ṣì ní ẹyọ 50 nígbà tó jí. RaiBlocks náà di Nano ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2018, ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn èèyàn kò mọ bí wọn ìbá ṣe máa pe orúkọ àkọ́kọ́. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí àwa tí àmì ohùn lè sọ ọkọ̀ ẹni di ọkọ́ mọ irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ti MATIC kò rí bẹ́ẹ̀. Bílíọ̀nù 10 ni wọ́n sọ fún wa pé MATIC yóò jẹ́, kò sì ní lé. POL ní àfikún ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, ìdajì rẹ̀ fún àwọn afọwọ́sí tí kọ̀ǹpútà wọn ń jẹ́rìí sí ohun tó ń lọ lórí blockchain náà, ìdajì kejì fún àpò àwùjọ. Wọn kò fi í pamọ́, ó wà nínú àbá tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló kà á? Orúkọ tuntun ni gbogbo ayé ń jà lé lórí, àfikún ọdọọdún náà sì gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ bá Polygon sọ̀rọ̀, n kò ní sọ pé kí wọ́n dá orúkọ wa padà. Ìdá 2 yẹn ni n óò béèrè.

Àǹtí Peckham:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rántí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ọdún 2001, kí n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, Econet ni mo rà ní Ìkẹjà, owó tí mo fi ra káàdì SIM nígbà náà kò ṣeé sọ fún ọmọdé. Econet di Vmobile lẹ́yìn tó fi ìgbà díẹ̀ jẹ́ Vodacom, Vmobile di Celtel, Celtel di Zain, nígbà tó sì di ọdún 2010 ó di Airtel. Àwọ̀ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akunlé jẹun lórí wa. Síbẹ̀, nọ́ńbà 0802 tí mo gbà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni àbúrò mi ń lò títí di òní, káàdì kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé kí ó wá tò lórí ìlà kó lè fi Zain gba Airtel.

Ìdí nìyí tí n kò fi rí ohun tó burú nínú ìyípadà orúkọ fúnra rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá dúró, kí orúkọ máa lọ. Ọdún 1973 ni a kúrò lórí pọ́n-ùn bọ́ sórí náírà, síbẹ̀ ìyá mi pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè kan títí tó fi lọ sọ́run, kò sì sí oníṣòwò kan lọ́jà Oyíngbò tí kò mọ iye tó ń wí.

Atúnkóòdùṣe:

Àǹtí, ẹ kú ìrántí. Àpẹẹrẹ Airtel yẹn dára, ṣùgbọ́n ibi tí kò ti bá MATIC mu gan-an ni wàhálà wà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ wo Dash bí onílé. Ilẹ̀ tirẹ̀ ni, blockchain tirẹ̀ ni, tó bá wù ú kó kun ògiri tàbí kó yí orúkọ ara ilẹ̀kùn padà, kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni MATIC rí lórí ẹ̀ka Polygon tirẹ̀: ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án yẹn, ẹni tó ní i níbẹ̀ kò tẹ bọ́tìnì kankan, POL ni ó rí nínú àpò rẹ̀, ìyẹn ètò orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú tókìn. Ṣùgbọ́n MATIC tó wà lórí Ethereum, ayálégbé ni. Lórí Ethereum, tókìn kò ju kóòdù kan tó ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀ àti orúkọ àwọn tó ní i, inú kóòdù yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà, kóòdù MATIC kò sì gba kí a ṣí i kí a tún un kọ. Bí wọ́n bá fẹ́ àfikún ìdá 2 tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ, àfi kí wọ́n kọ ilé tuntun sí àdírẹ́sì tuntun, kí wọ́n sì bẹ àwọn èèyàn láti kó ẹrù wọn lọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá ọ kó o, nítorí kọ́kọ́rọ́ rẹ, ìyẹn àṣírí tí a fi ń ṣí àpò, ọwọ́ rẹ ló wà.

Èyí ló fà á tí ẹni tó tọ́jú owó rẹ̀ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gba gbogbo èèyàn nímọ̀ràn, fi ru ẹrù tó wúwo ju ti ẹni tó fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ ilé pàṣípààrọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá Akọ̀wé bẹ̀rù lásán, ìbá tilẹ̀ nídìí láti bẹ̀rù ká ní inú àpò tirẹ̀ ló wà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ̀gbọ́n Atúnkóòdùṣe, èmi gan-an lẹ ń bá wí. MATIC mi wà lórí Ethereum nínú àpò tí èmi nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ mi kù díẹ̀ ní ọdún tó kọjá, mo fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé pàṣípààrọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ, ibi kan náà tí mo ti ń fi ránṣẹ́ sí láti ọdún 2022. N kò mọ̀ pé wọn kò gba MATIC mọ́. Owó náà dé àdírẹ́sì wọn, mo rí i lórí blockchain pẹ̀lú ojú mi, ṣùgbọ́n kò wọ àkáǹtì mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tó dá a padà, wọ́n sì yọ owó iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyàwó mi ni mo ti yá owó ilé ìwé.

Èyí tó bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni ti ọkùnrin kan tó kọ̀wé sí mi lórí Telegram bí mo ṣe ń béèrè ìrànlọ́wọ́. Ó sọ pé iṣẹ́ Polygon ni òun ń ṣe, ó fi ojúlé kan ránṣẹ́ tó ní àwọ̀ àti àmì Polygon gan-an, ó ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí méjìlá mi, tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ àpò mi, síbẹ̀ kí òun lè bá mi sọ ọ́ di POL. Mo ti tẹ mẹ́rin kí ọwọ́ mi tó tutù.

Èyí tó kù ṣì wà níbẹ̀ bí MATIC. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ó ṣì ṣeé pààrọ̀, àbí ilẹ̀kùn ti tì?

Onígáàsì:

Ọlọ́run ló yọ yín. Ẹ gbọ́ tèmi náà: èmi ra LUNA, tókìn mìíràn. Lẹ́yìn tí ó wó ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, wọ́n dá blockchain tuntun sílẹ̀, wọ́n fún tókìn tuntun ní orúkọ LUNA, wọ́n sì sọ tèmi di LUNC, ìyẹn LUNA àtijọ́. N kò ṣí kúrò níbi tí mo wà, orúkọ ló dìde lórí mi tó lọ jókòó sórí ẹlòmíràn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń jiyàn nípa orúkọ, ẹ má gbàgbé àwa tí wọ́n gba tiwa.

Atúnkóòdùṣe:

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ fọkàn balẹ̀, ilẹ̀kùn kò tì. Nígbà tí pàṣípààrọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, wọn kò fi ọjọ́ ìparí sí i. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ àdírẹ́sì ojúlé Polygon, ẹ má tẹ ojúlé tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ èmi. Ẹ ó nílò ETH, owó Ethereum, díẹ̀ fún owó gáàsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àpò yín yóò ní kí ẹ fọwọ́ sí i: àkọ́kọ́ ni àṣẹ pé kí kóòdù náà fọwọ́ kan MATIC yín, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ nìkan síbẹ̀, èkejì ni pàṣípààrọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú ètò yìí tí ẹnikẹ́ni ti nílò ọ̀rọ̀ méjìlá yín.

Nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí, Polygon ṣe dáadáa ju àwọn kan lọ. Nígbà tí Fantom, blockchain mìíràn, di Sonic ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, fún 90 ọjọ́ ni èèyàn fi lè ti FTM, tókìn àtijọ́, lọ sí S, tókìn tuntun, kó sì tún padà, lẹ́yìn ìyẹn àlọ nìkan ló kù. Maker, ètò kírípítò mìíràn tó di Sky ní ọdún 2024, tó ń fi SKY 24,000, tókìn rẹ̀ tuntun, gba MKR àtijọ́ kan, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ kó tó pààrọ̀, wọ́n sì ṣètò pé kó máa lé sí i. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn rárá. Ẹni tó pẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ nígbà gbogbo, ó lè jẹ́ aláìsàn, ó lè jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, ó lè ti kú kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri.

Ìyá Oníṣirò:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ Maker, ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí ó kan àwa ará àwùjọ jù nínú ìtàn náà.

Àwọn èèyàn kò fẹ́ràn orúkọ Sky nígbà tó jáde. Wọ́n ní Maker ni àwọn mọ̀, òun ni àwọn gbẹ́kẹ̀ lé láti ọdún mélòó kan. Rune Christensen tó dá a sílẹ̀ gbọ́ ẹkún náà, ó gbé e wá sí gbangba bóyá kí wọ́n padà sí Maker, wọ́n sì dìbò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Sky ló wọlé. Nígbà tí a wo ìwé ìbò, àwọn olówó ńlá tí kò pé mẹ́wàá ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìbò náà, nítorí pé iye tókìn ẹni ni iye ohùn rẹ̀. Ẹni tó ní MKR kan lè pariwo títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ìyẹn ni mo fi ń béèrè ẹni tí a ń pè ní àwùjọ. Bí ẹ bá dìbò pẹ̀lú tókìn, olówó ló sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá béèrè lórí X bí Nailwal ti ṣe, ẹni tó ní dátà tó sì máa ń pariwo ló sọ̀rọ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì yẹn kò sí nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni wọ́n sọ pé nítorí rẹ̀ ni àwọn fi fẹ́ dá MATIC padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:

Màmá, ẹ ti là á. N óò tún fi òótọ́ kan kún un tí inú àwọn kan kò ní dùn sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, MATIC kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 3. Nígbà tí Nailwal béèrè ìbéèrè yẹn, POL kan kò tó sẹ́ńtì 25. Ẹni tó ń sọ pé kí wọ́n dá MATIC padà, iye ọdún 2021 ló ń sunkún rẹ̀. Bí POL bá ti di dọ́là 5 ni, àwọn kan ìbá ti fi sọ ọmọ wọn lórúkọ.

Àǹtí Peckham:

Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ mú. Ṣùgbọ́n n kò gbà fún ọ pátápátá. Mo ní MATIC tí kò tó nǹkan, n kò sì retí pé kí ó sọ mí di olówó. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ti kọ́ àwọn obìnrin bíi mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bí wọn óò ṣe máa fi dọ́là orí kírípítò ránṣẹ́ sílé lórí Polygon, nítorí pé owó gáàsì rẹ̀ kéré, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé kí wọ́n máa ní MATIC díẹ̀ lọ́wọ́ fún gáàsì nígbà gbogbo. Méjì nínú wọn lọ wá MATIC rà lẹ́yìn tí orúkọ ti yí padà. Ọ̀kan sọ pé òun kò rí i, ó sì dákẹ́. Èkejì rí ohun kan tó ń jẹ́ MATIC lórí blockchain mìíràn, ó sì rà á.

Mo gbà fún Atúnkóòdùṣe pé nọ́ńbà tèmi dúró, ti ẹlòmíràn kò dúró.

Akọ̀wé Òkè-Ìlewó:

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Àǹtí rán mi létí àwọn ìkéde kéékèèké tó máa ń wà nínú ìwé ìròyìn wa, èyí tí obìnrin bá ṣe ìgbéyàwó tàbí tí ẹnìkan bá fẹ́ yọ Ifá tàbí Èṣù kúrò lára orúkọ ìdílé rẹ̀. Gbogbo wa mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: èmi tí a mọ̀ sí báyìí tẹ́lẹ̀ fẹ́ kí a máa pè mí ní báyìí láti òní lọ, gbogbo ìwé mi àtẹ̀yìnwá ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí báńkì, ilé ìwé àti gbogbo aráàlú jọ̀wọ́ kíyè sí i. Gbólóhùn àárín yẹn ni agbẹjọ́rò kì í jẹ́ kó sọnù. Òun ni kò sí nínú ìyípadà MATIC fún ẹni tó wà lórí Ethereum: ìwé àtẹ̀yìnwá rẹ̀ kò dá iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n àwọn ibi tó ti lè fi í hàn ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ilé pàṣípààrọ̀ Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi hàn. Ẹ tilẹ̀ wo CoinGecko, ojúlé tí a ti ń wo iye kírípítò, níbi tí wọ́n ti ní láti kọ ọ́ pé POL ni, ó ti jẹ́ MATIC rí, kí àwọn èèyàn tó lè rí i.

Èmi kò fẹ́ kí wọ́n dá MATIC padà mọ́. Bí wọ́n bá yí i padà lẹ́ẹ̀kejì, àwọn gbájúẹ̀ orí Telegram yóò tún rí iṣẹ́ ṣe, ẹ̀gbọ́n ìyá mi yóò tún pè mí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n máa fi orúkọ méjèèjì hàn pa pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ilẹ̀kùn pàṣípààrọ̀ má tì láé, kí wọ́n sì fi díẹ̀ nínú ìdá kan tó ń wọ àpò àwùjọ lọ́dọọdún san owó gáàsì fún ẹni tí MATIC rẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé gáàsì Ethereum ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ pààrọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:

Èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, mo fọwọ́ sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo rí iṣẹ́ gidi fún ìdá yẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:

Mo ti ṣe é lálẹ́ àná, ẹ̀gbọ́n Atúnkóòdùṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ. Mo dúró títí di aago kan òru kí owó gáàsì tó wálẹ̀. Nígbà tó parí, àpò mi fi òdo hàn, àyà mi já, àfi ìgbà tí mo rántí pé mo ní láti fi àdírẹ́sì tókìn POL kún ohun tí àpò náà ń fi hàn. Lẹ́yìn náà ni iye rẹ̀ yọ, ó pé pérépéré. Ìyàwó mi béèrè pé ṣé MATIC ọjọ́sí náà ni, mo ní òun ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìlọrin tí tirẹ̀ náà wà lórí Ethereum, kò sì gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ àlàyé sórí ojúlé wọn dáadáa. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa kọ ìgbésẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n là sílẹ̀ yìí jáde ní Yorùbá, kí n lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí n tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé?